Ọ̀rọ̀ Graft àti Ọ̀nà Ìfọ́n Tí Mo Dí Mọ́ Ọ

Ìlobù,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́ mi,

Mo kí ọ, ọmọ mi. Mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú wàhálà àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ. Bí o bá rí i pé lẹ́tà yìí gùn ju èyí tí mo máa ń kọ lọ, má jáyà, ẹnikẹ́ni kò kú mọ́. Ara mi dá. Orúnkún tó ń dùn mí ti fúyẹ́. Ilé nìkan ló dákẹ́. Oṣù keje rèé tí Màmá rẹ ti fi wá sílẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá ti oko dé, mo ṣì máa ń na àpò mi sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi.

Wá ibi kan jókòó sí kí o tó kà á. Má kà á níwájú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ Ṣégun. O ní àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn Kérésìmesì, o sì ń bẹ̀rù pé mo lè kọ̀ nítorí pé ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Èmi tí mo ti sin aya méjì, ojú wo ni n óò fi kọ ọkùnrin tó sin ẹyọ kan? Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kí n sùn. Ibẹ̀ lo ti sọ ọ̀rọ̀ Dúpẹ́, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà tí olóògbé náà fi sílẹ̀. O ní àǹtí ló ń pè ọ́. O ní bí ó bá ti lọ kí ìyá ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà, ojú rẹ̀ á wú bọ̀, kò sì ní fẹ́ jẹ ohun tí o bá sè. Ṣégun wá ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín, ọmọ náà kò ní dé Ọ̀fà mọ́, kí ọkàn rẹ̀ lè wà lójú kan. O ní ìwọ náà fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà lo kọ gbólóhùn yìí, mo fẹ́ kí o tún un kà láti ọwọ́ mi: “Ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, Bàbá, ó sì yọrí sí rere. Mo fẹ́ graft Dúpẹ́ mọ́ ara mi bí ẹ ṣe graft mi mọ́ Màmá.”

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín lo fi kọ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà, tí a fi ń pe síso ẹ̀ka igi kan mọ́ ara igi mìíràn, ní ọgbà ọsàn ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí o ṣì kéré, tí o ní ó dún bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ká lẹ́tà náà, mo tún tú u. Ọmọ mi, kò yọrí sí rere. Ìdákẹ́jẹ́ ló yọrí sí, mo sì rò pé rere ni.

N óò ṣàlàyé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn fún mi, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

O mọ̀ pé Sítáńdáàdì Síìsì ni mo kà. Mo mọ bí a ti ń so igi mọ́ igi, mi ò mọ ibi tí àwọn Òyìnbó ti rí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, mo gba ilé Ọ̀gá Tíṣà lọ, ẹni tó kọ́ ọ ní pírámárì. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n dikíṣọ́nárì rẹ̀ ńlá tó wúwo bí odó kékeré ṣì wà lórí tábìlì. Mo ní kó bá mi wo “graft.” Ó wò mí láti orí awò ojú rẹ̀.

“Agíríkì,” ó fi orúkọ tí wọ́n ń pè mí nídìí iṣẹ́ ọgbà pè mí, “gbogbo ọdún tí o fi so igi mọ́ igi yìí, ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ohun tí ò ń ṣe?”

Mo ní kó má yọ mí lẹ́nu, kó ṣí ìwé. Ó ṣí i. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà. Ọwọ́ àwọn ará Gíríkì ló ti kọ́kọ́ wá, àwọn ará Róòmù gbà á, àwọn Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn, ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí i. Ohun tó sì ń jẹ́ nílé rẹ̀ ni gègé, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ fi ń kọ̀wé sára ìda. Ẹ̀ka tí a bá gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó kí a tó kì í bọ ara igi mìíràn ni wọ́n wò, tí wọ́n ní ó jọ gègé ìkọ̀wé. Mo ní òótọ́ ni. Ọsàn tiwa, ojú kan ṣoṣo la máa ń gé lára ẹ̀ka tí a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ èèpo, àwọn olùkọ́ wa sì ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ọgbà ń pè ní graft. Àwọn igi tí a ń kì bọ ara wọn ni mo fi rí gègé náà. Mo ti gbẹ́ irú rẹ̀ láìmọye.

Ọ̀gá Tíṣà ń ka ìyókù lọ. Ó ní àwọn dókítà ń lò ó fún awọ ara tí wọ́n bá bó láti itan ẹni tí iná jó, tí wọ́n fi bo ojú egbò rẹ̀. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ń lò ó fún iṣẹ́ àṣekára, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń lò ó fún àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo bi í bóyá ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Ó tún wò ó. Ó ní ó jọ pé ti iṣẹ́ àṣekára wá láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó jẹ mọ́ fífi ṣọ́bìrì walẹ̀, wọn kì í ṣe ẹbí gègé. Ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn tó kọ ìwé ní àwọn kò mọ ibi tó ti wá.

“Ẹni tó ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀,” ó ní, “ṣé yóò fi ilé rẹ̀ hàn ni?”

A rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì bọ́ sí ọ̀nà. Gbogbo bí mo ti ń rìn lọ ni ọ̀rọ̀ náà ń yí lórí mi, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ fún ọ nìyí.

Àkọ́kọ́. Ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, rántí pé ọ̀bẹ ló ń ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí bí a ti lè so igi méjì pọ̀ láìkọ́kọ́ dá ọgbẹ́ sí àwọn méjèèjì lára. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́, ẹ̀ka tí mo gé ni mo ń ṣàánú, mi ò ṣàánú ìdí igi rí. Dúpẹ́ ti ní ọgbẹ́ tirẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́. Bí ó bá dé láti Ọ̀fà tí kò jẹun, má ṣe rò pé oúnjẹ rẹ ló ń kọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀. Jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Bo oúnjẹ náà fún un, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ nítòsí rẹ̀.

Èkejì. Iṣẹ́ àṣekára ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn ti wí. O ti máa ń rò pé ìfẹ́ ni Màmá rẹ fi tọ́ ọ, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n èmi tí mo wà nílé rí i tó ń fi ọwọ́ ṣe é. Ọdún tó kọ́kọ́ dé, o máa ń tu ohun tó bá sè sílẹ̀. O ní níwájú àlejò pé, “Ìyá Ìfọ́n mọ ọbẹ̀ sè jù yín lọ,” ìyá ìyá tó bí ọ lo ń sọ. Ó dá ọ lóhùn pé, “Bó o bá tún débẹ̀, bá mi béèrè bí wọ́n ti ń sè é.” O sì béèrè lóòótọ́, ó ṣe é bí wọ́n ti wí, o ní kò tíì dára tó. Ó tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta, ti àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Má ṣe ra ọmọ náà. Má máa kó aṣọ tuntun àti bisikíìtì wá ní gbogbo ìgbà tí ìyá àgbà rẹ̀ bá ti fún un ní nǹkan. Ọmọ mọ ìyàtọ̀.

Ní ti ohun tí àwọn dókítà ń ṣe, mi ò mọ̀ tó láti sọ̀rọ̀ lé e. Ohun kan tí mo kàn kíyè sí ni pé ara ẹni náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń wò ó sàn.

Wàyí o, mo ti dé ibi tó le. Mi ò lè fi nọ́ńbà sí èyí.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbà ọsàn, wọ́n kó igi ọsàn kíkan fún mi láti so ọsàn dídùn mọ́. Ọ̀gá wa kọ́ wa pé kí a fi okùn ìko dì í dáadáa, pé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tú u, nítorí pé nígbà náà àwọn méjèèjì yóò ti mú ara wọn. Èmi bẹ̀rù. Mo ní bí mo bá tú u tí ojú náà ré ńkọ́? Mo fi okùn sílẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ewé ti yọ, ó ń dán, àwọn èèyàn ń yìn mí. Afẹ́fẹ́ òjò kan ló fẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, púpọ̀ nínú wọn sì kán. Ọ̀gá wa gbé ọ̀kan dání, ó fi hàn mí: ibi okùn gan-an ló ti kán. Bí igi ti ń sanra ni okùn ń gé e. Ó bi mí pé, “Ta ló ní kí o fún un lọ́rùn?”

Mo kọ́ ọgbọ́n yẹn lórí igi. Mi ò mọ̀ ọ́n lò fún ọmọ mi.

O rántí pé ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí Morẹ́nikẹ́, ìyá tó bí ọ, kú. O rántí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ò ń pè ní Ìyá Ìfọ́n, tó ń hun kíjìpá. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ilé ìwé, mo máa ń gbé ọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìfọ́n, n óò sì wá mú ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí mo fẹ́ Àbẹ̀kẹ́, Màmá rẹ tó di olóògbé yìí, mo rí i pé bí o bá ti Ìfọ́n dé, ilé á pa rọ́rọ́. O ò ní bá a sọ̀rọ̀. Ó ń mú sùúrù, èmi ni mi ò ní sùúrù. Mo ń wo ọ́ bí ojú ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so, tí wọ́n ń mì ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Mo ní kò ní mú láé bí a kò bá dá mímì náà dúró.

Mo dá a dúró. Mo mú fọ́tò ìyá rẹ kúrò lára ògiri, mo sì kó o sísàlẹ̀ àpótí. Ọjọ́ Ẹtì kan, mo ní kẹ̀kẹ́ bàjẹ́. Ọjọ́ Ẹtì kejì, mo ní òjò fẹ́ rọ̀. Ní ẹ̀kẹta, o ti di ẹrù rẹ, o jókòó sórí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá sọ fún ọ pé, “Ìyá Ìfọ́n ní kí o má wá mọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.”

Irọ́ ni, Àṣàkẹ́. Ìyá àgbà rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

O sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà o dákẹ́. Kò pẹ́ sí i, o bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àbẹ̀kẹ́ ní Màmá, inú mi dùn bí ẹni tó rí ewé tuntun. Mo sọ ọ́ kiri ọgbà pé ó ti mú.

Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, òun kò yọ̀. Ó tẹ̀ lé mi wọ yàrá, ó kúnlẹ̀. Ohun tó sọ rèé, mi ò fi kún un: “Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Mi ò fẹ́ kó fẹ́ràn mi nítorí pé kò rí ẹlòmíràn mọ́.”

Mo ní kó dìde, pé ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni. Ó dìde. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún kejì, mo sì pariwo mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ ọ́ mọ́. Nítorí náà, bí o bá ń wá ẹni tí o máa bínú sí, fi Màmá rẹ sílẹ̀. Èmi nìkan ni.

Ìyá Ìfọ́n kò sì jókòó sílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹsẹ̀ rìn wá sí Ìlobù. Kò wá sílé, nítorí pé kò fẹ́ kí ìyàwó tuntun rò pé òun wá jà. Ọgbà ọsàn ló ti wá bá mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé àdàlú sínú abọ́ olómọrí, ó ní o fẹ́ràn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó bi mí bóyá ara rẹ dá, mo ní ó dá. Ó ń fi ọwọ́ nu ìdérí abọ́ náà.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “mi ò ní bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kàn rí i kó kọjá.”

Ìyá tó lè bí mi ló ń fi “ẹ” bẹ̀ mí. Mo ní kó jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ ná, pé bó bá yá, èmi fúnra mi yóò mú ọ wá. Ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan sí i: “Ṣé ó máa ń béèrè mi?”

Mo ní rárá.

Òótọ́ sì ni. O ò béèrè mọ́, nítorí mo ti sọ fún ọ pé kò fẹ́ ọ. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sórí, ó gba ọ̀nà Ìfọ́n padà, mo sì padà sídìí igi tí mo ń dì. Kò wá mọ́.

Ó kú ní ọdún tí o wọ kíláàsì karùn-ún. O mọ ìṣe wa: bí àgbà bá kú, wọn yóò wá ọmọ-ọmọ kó wá bu erùpẹ̀ sí i. Ìyá rẹ nìkan ni Ìyá Ìfọ́n bí, ìwọ nìkan ni ìyá rẹ bí. Wọ́n dúró dè ọ́ létí kòtò. Mo ní o ń ṣe ìdánwò. Kò sí ìdánwò kankan. Ilé lo wà, ò ń fọ aṣọ ilé ìwé rẹ. Ẹ̀yìn oṣù kan ni mo tó sọ fún ọ pé ó kú, o sì ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà,” bí ẹni tó ń kí ará àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí o lè ti gbàgbé. Nígbà tí o wà ní ilé ìwé mọ́dà, wọ́n ní kí ẹ kọ àròkọ lórí ìyá àgbà yín. O mú ìwé náà wá kí n fọwọ́ sí i. Ìlà méjì péré ló wà níbẹ̀: “Èmi kò ní ìyá àgbà. Èyí tí mo ní kò fẹ́ mi.” Mo fọwọ́ sí i, Àṣàkẹ́. Mo mú bírò, mo sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí àìsàn dá Màmá rẹ wólẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́, kò sọ̀rọ̀ aṣọ tàbí ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ sọ fún ọmọ náà.” Mo ṣèlérí. O wá fún ìsìnkú, ilé kún fún èèyàn, mi ò sọ. Àwọn èèyàn lọ, ó ku èmi àti ìwọ, o ń bá mi to abọ́, mi ò sì sọ. O wọ ọkọ̀ padà sí Ìlọrin, síbi iṣẹ́ rẹ. Oṣù méje ni mo fi ń sọ fún ara mi pé kò sí àǹfààní nínú kí n máa hú òkú ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ dé, tí o fi ìwà mi ṣe àwòkọ́ṣe. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, ọmọ kejì ni n óò tún ṣe é fún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Ìfọ́n lánàá. Mi ò gun kẹ̀kẹ́, mo fẹsẹ̀ rìn. Àbúrò Ìyá Ìfọ́n obìnrin ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ orúkọ mi.

“Ará Ìlobù,” ó ní, “àṣé ọ̀nà Ìfọ́n jìn tó báyìí? Mo rò pé ibi tí mo ti ń gbọ́ ìró aago ìjọ yín ni.”

Mo ní mo wá tọrọ àforíjì. Ó ní ẹni tí mo ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ ó ní kí n jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti kọ ọ́ sí ọ yìí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wá sọ fún mi pé ní gbogbo ọdún, bí wọ́n bá se oúnjẹ ọdún nílé náà, ẹ̀gbọ́n òun máa ń bu tìrẹ sọ́tọ̀, á bò ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, á gbé e fún ọmọ ilé kejì. Kò ṣíwọ́ rẹ̀ títí tó fi kú.

Ó bi mí pé, “Ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ó ga?” Mo ní o ga jù mí lọ. Mo ní o ti di tíṣà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà náà o jọ àwọn ará ilé ìyá rẹ. Lẹ́yìn náà ó ní, “Fi ẹnu ara rẹ sọ fún un. Bí o bá ti sọ, kó máa bọ̀. A ò lé e rí.”

Mi ò lè dúró di ìgbà tí n óò rí ọ kí n tó fi ẹnu sọ ọ́. Mo mọ ara mi. Bí mo bá rí ojú rẹ, n óò tún wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Nítorí náà ni mo fi kọ ọ́.

Gbọ́ mi lórí Dúpẹ́. Igi ọsàn dídùn tí àwọn èèyàn ń yìn, ọsàn kíkan ló ń fa omi fún un láti ìsàlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá hú gbòǹgbò yẹn nítorí pé ó korò kò ní mu ọsàn. Jẹ́ kó máa lọ sí Ọ̀fà. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o máa mú un lọ, má rán an. Kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà rẹ̀, jẹ oúnjẹ wọn, béèrè bí ọmọ náà ti rí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Jẹ́ kí fọ́tò ìyá rẹ̀ wà lára ògiri, kí o sì máa nù ún. Bí ó bá ń pè ọ́ ní àǹtí títí ó fi dàgbà, máa jẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rín. Má fipá gba orúkọ tó jẹ́ ti òkú.

Sọ fún Ṣégun pé mo ní mi ò bínú sí i. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Jẹ́ kó ka lẹ́tà yìí tó bá fẹ́, mi ò tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kà á tán tó ṣì ní ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ dé Ọ̀fà, jọ̀ọ́, má tíì jẹ́ kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá bá mi.

Ní ti èmi àti ìwọ, mi ò ní kí o má bínú. O ní ẹ̀tọ́ sí i. Mo ti mú fọ́tò ìyá rẹ jáde, etí rẹ̀ kan ni ikán jẹ, ojú rẹ̀ wà digbí. Nígbà ìsinmi, bí o bá ń bọ̀, Ìfọ́n ni kí o kọ́kọ́ sọ̀ sí. Wọn yóò fi ibi tí ìyá àgbà rẹ wà hàn ọ́. Bí ó bá wá rẹ̀ ọ́ láti yà sí Ìlobù lẹ́yìn náà, má yà. Mo lè dúró.

Má dá mi lóhùn kíákíá. Ìyá àgbà kan wà ní Ọ̀fà tí kò tíì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ dí ọ̀nà mọ́ òun. Òun ni kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kó mọ̀ pé Dúpẹ́ ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Bí o bá ti fi lẹ́tà tirẹ̀ sọ́wọ́ pósítì, tèmi lè máa bọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá rẹ,
tó yẹ kó ti sọ ọ́ nígbà tí o ṣì wà lórí ẹrù rẹ lẹ́nu ọ̀nà.